Ọjọ́ tí ara bá tutù ni kí ẹ ṣọ́ ọ: ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ẹ̀dọ̀

Ìbéèrè: "Àjàrà ní Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 29, tí a jọ ń ṣe àdín àgbọn, ni ibà gbé dè lọ́jọ́ Ajé. Kẹ́mísíìtì fún un lóògùn ibà, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ ara ríro. Èmi náà fún un ní agbo. Ní Ọjọ́bọ̀ ara rẹ̀ tutù, ó mu ẹ̀kọ, ó ní òun ti gbádùn. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń bì nǹkan dúdú. Ọsibítù ní ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, pé ó jọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Wọ́n ti mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, a ò tíì rí èsì. AST 2,840 àti ALT 1,310 ni wọ́n kọ sínú ìwé àyẹ̀wò, wọ́n tún kọ ọ́ pé ó ní kòkòrò ibà. Ọjọ́ 13 ló lò kó tó délé. Àwọn ará ilé ń sọ pé agbo mi ló jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹ̀dọ̀ náà máa padà bọ̀ sípò? Ṣé kò ní ràn wá? Ó ní yẹ́lò káàdì o, torí a jọ máa ń lọ Kútọnu."

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú oríire pé ó délé.

Ọ̀rọ̀ agbo ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀. Agbo yín kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí. Ẹ ka ọjọ́ wò. Bó bá jẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni lóòótọ́, ẹ̀fọn tó kó o ràn án ti jẹ ẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 6 ṣáájú ọjọ́ Ajé tí ara rẹ̀ gbóná. Nígbà yẹn ẹ ò tíì já ewé kankan. Àmọ́ mi ò ní tàn yín: bó bá jẹ́ ọtí lẹ fi rẹ agbo náà, ẹ ti gbé ẹrù lé ẹni tí ẹrù ti pa tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn kẹ́mísíìtì. Ìṣirò rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Orúkọ tí àwọn àgbà fún àìsàn yìí ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni pé ohunkóhun tó bá ti pọ́n ojú la ń fi orúkọ náà pè. Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) ń pọ́n ojú, ibà lásán (malaria) tó bá ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ń pọ́n ojú, òkúta inú òróòro náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí à ń sọ níbí, tí òyìnbó ń pè ní yellow fever, ni ti fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀fọn Aedes aegypti ń gbé kiri. Ẹ̀fọn yìí dúdú, ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jẹni, pàápàá ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà lásán kiri, òru ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ló wà, ti àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Ẹ ti rí ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ lórí àtẹ alápatà: ó ń dán, ó dà bíi pé ohun kan ṣoṣo ni látòkèdélẹ̀. Bí wọ́n bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, agbo-ilé tíntìntín ló kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Ẹnu ọ̀nà wà létí agbo-ilé náà, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìfun ń gbà wọlé. Láàárín gbùngbùn ni kànga wà, ìyẹn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Láti ẹnu ọ̀nà dé kànga ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tò sí bí ilé, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn kọjá níwájú gbogbo wọn.

Àwọn ọlọ́dẹ wà lójú ọ̀nà yẹn. Sẹ́ẹ̀lì Kupffer ni wọ́n ń jẹ́, iṣẹ́ wọn sì ni láti gbé kòkòrò tó bá bá ẹ̀jẹ̀ wọlé mì. Fáírọ́ọ̀sì yìí á jẹ́ kí wọ́n gbé òun mì, á wá máa bí sí i nínú wọn. Láti ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ibi tó sì ń pa jù ṣàjèjì: ó sábà máa ń dá àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sí, ó ń dá àwọn tó yí kànga ká sí, àwọn tó wà láàárín méjèèjì ló ń run. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kú á sún kì, á di kókó róbótó kan. William Councilman ará Amẹ́ríkà ló ṣàpèjúwe àwọn kókó náà ní 1890, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n títí dòní. Ẹ fi ilà àárín tó run yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá kú báyìí, iṣẹ́ wọn ló kọ́kọ́ ń hàn lára. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó àwọ̀ ìyeyè tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ gbígbó dà sínú òróòro. Bí kò bá rí i kó mọ́, àwọ̀ náà á dúró sínú ẹ̀jẹ̀, á yọ sí ojú, á yọ sí ìtọ̀. Ojú pípọ́n nìkan kì í pa ènìyàn. Èyí tó léwu ni pé ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ọ̀kan wà nínú wọn, fátọ̀ keje, tí ìdajì rẹ̀ ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí bíi 4 sí 6. Tí ẹ̀dọ̀ bá dáwọ́ dúró lónìí, ẹ̀jẹ̀ lè máà dì dáadáa mọ́ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ẹ̀kọ ní Ọjọ́bọ̀ fi lè máa bì ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun dúdú tó bì, ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ti jò sínú ikùn, kíkan inú ikùn sì ti sọ ọ́ dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Wọ́n á fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ Vitamin K, àmọ́ kì í sábà ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, torí pé ohun èlò ni Vitamin K jẹ́, òṣìṣẹ́ tó máa lò ó ló wà nílẹ̀ yẹn. Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára ẹlòmíràn, tí purotéènì náà ti wà nínú rẹ̀, ló wúlò jù.

Ẹ̀dọ̀ náà ló ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ fún ìgbà tí ènìyàn ò bá jẹun. Tó bá kùnà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, aláìsàn á máa làágùn, á máa sọ ìsọkúsọ, àwọn ará ilé á ní ayé ń ṣe é. Kí wọ́n tó máa wá ẹni tó ń ṣe é, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gún un ní ìka, kó fi ìwé pélébé wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni.

Kíndìnrín ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì ń bá a jà fúnra rẹ̀, omi ara tó ti dínkù nítorí èébì ń fi òùngbẹ pa á, ẹ̀jẹ̀ tó ń jò ń ya agbára rẹ̀. Nǹkan méjì ló ń fi hàn. Àkọ́kọ́, purotéènì á máa jáde nínú ìtọ̀, ìwé pélébé tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ ń rí i kíákíá. Èkejì, ìtọ̀ á dínkù. Ìtọ̀ àgbàlagbà tí kò bá tó mìlílítà 400 ní wákàtí 24 ti di ọ̀ràn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 500, nítorí náà bí gbogbo ìtọ̀ ọjọ́ kan kò bá kún ọ̀rá kan, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la. Àwọn kan nínú wọn máa ń nílò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì túmọ̀ sí gbígbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, bíi LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Láti Àgbádárìgì dé ibẹ̀, ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹni tó bá gbéra kí ìtọ̀ tó dá ló ń ráyè.

Ọkàn náà ń gba tirẹ̀. Tí ara bá gbóná, ọkàn sábà máa ń sáré. Nínú ibà yìí, ara á gbóná gan-an, ọkàn á sì máa lù díẹ̀díẹ̀. Àmì Faget làwọn dókítà ń pè é. Ẹ lè fi ìka mẹ́ta sí ọrùn ọwọ́ aláìsàn kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ara tó gbóná dé 39.5 tí ọkàn rẹ̀ kò lù ju 70 lọ, ẹ sọ fún dókítà. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun (typhoid) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró.

Ní ti ìwé àyẹ̀wò yín. AST àti ALT jẹ́ ohun tó ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́ ni wọ́n ń dà jáde. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le kì í sábà ju 40 lọ. Ti àbúrò yín fi ìlọ́po tó lé ní 70 ga, fún AST. Ẹ tún wo bí AST ṣe fi ìlọ́po méjì ju ALT lọ. Nínú àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí ènìyàn ń kó lára ènìyàn, ALT ló sábà máa ń ga jù. Nínú ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti nínú ibà dengue, tí ẹ̀fọn kan náà ń gbé kiri, AST ló ń ṣíwájú, torí pé AST wà nínú ẹran ara àti nínú ọkàn náà, ibà wọ̀nyí sì ń fọ́ àwọn yẹn pẹ̀lú. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọsibítù fura, wọ́n sì ṣe dáadáa.

"Ó ní kòkòrò ibà" tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò yí èyí padà. Lágbègbè wa, àgbàlagbà tó ń rìn káàkiri lè ní kòkòrò ibà díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn. Ó tọ́ kí wọ́n fún un lóògùn rẹ̀, ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n dúró síbẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ yẹra fún àyẹ̀wò Widal tó ń sọ gbogbo alára gbígbóná di oníbà jẹ̀funjẹ̀fun. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣòfò lọ́wọ́ aláìsàn. Èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mú ránṣẹ́ ló máa dá ẹjọ́ náà. Bí wọ́n bá mú un láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ohun tí ara fi bá a jà ni wọ́n máa wá, èyí sì lè jọ ti dengue débi pé wọ́n á tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ ní sùúrù fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ máa béèrè.

Wàyí o, ìṣirò tí mo ṣèlérí. Ohun tí kẹ́mísíìtì sábà máa ń dì fún alára gbígbóná ni oògùn ibà, paracetamol, oògùn ọ̀fìnkìn àti ara ríro, àti abẹ́rẹ́. Oògùn ibà kò lẹ́bi níbí. Ẹ wo paracetamol: mílígíráàmù 500 ni hóró kan. Méjì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ jẹ́ 3,000. Ẹ wá yí páálí oògùn ọ̀fìnkìn sẹ́yìn, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní paracetamol 500 nínú hóró kan, òun náà sì jẹ́ méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó di 6,000. Ẹni tí ara rẹ̀ le, 4,000 ni òpin tirẹ̀ lóòjọ́. Nínú ẹ̀dọ̀, apá kékeré kan lára paracetamol ń di májèlé, ohun kan tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe ló sì máa ń pa oró rẹ̀. Ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó ń pa oró yẹn ti gbẹ lára rẹ̀. Ọtí tí ènìyàn ń mu lemọ́lemọ́ sì ń mú kí májèlé náà pọ̀ sí i. Ẹ rí ibi tí agbo ọlọ́tí ti bá ọ̀rọ̀ pàdé? Agbo olómi náà kò mọ́ pátápátá, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife kan, ẹ̀dọ̀ ló sì máa yanjú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ojú bá ti pọ́n, gbogbo rẹ̀ kí ó dúró, àti paracetamol àti agbo, àfi ohun tí dókítà bá fọwọ́ sí.

Abẹ́rẹ́ ara ríro ló burú jù lójú tèmi. Diclofenac ló sábà máa ń jẹ́. Ó ń mú àwọn èérún ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́ rọ, ó ń fún kíndìnrín lọ́rùn, ihò tí abẹ́rẹ́ náà dá sí ìdí sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú ẹran láìsí ẹni tó rí i. Aspirin àti ibuprofen, ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí wọ́n kan ẹni tí ibà rẹ̀ kò tíì lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n ní gbẹ́rẹ́.

Kí wá ni ìdáhùn fún àwọn ará ilé? Ẹ sọ fún wọn pé fáírọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ̀dọ̀, àwọn yòókù kàn ń bá a mú un lẹ́sẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè yọ ìpín ti agbo sọ́tọ̀ kúrò nínú 2,840.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé yín ni Ọjọ́bọ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọnù. Ibà yìí ní ìpele méjì. Èkíní jẹ́ ọjọ́ 3 sí 4: ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹ̀yìn dídùn, èébì. Lẹ́yìn náà ara á tutù fún wákàtí mélòó kan, ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti ibẹ̀ gbádùn lọ títí, wọn ò tilẹ̀ ní mọ orúkọ ohun tó ṣe wọ́n. Nǹkan bí 15 nínú 100 ni ibà náà ń padà sí lára, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, ìdajì lè kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Àbúrò yín wà nínú ìdajì kejì. Ibà dengue náà ní ọgbọ́n àrékérekè yìí: ìgbà tí ara bá ń tutù, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, ni omi ẹ̀jẹ̀ ń jò kúrò nínú iṣan, tí inú á máa dùn ún kíkankíkan. Nítorí náà, tí ara bá tutù lọ́jọ́ kẹrin, ẹ má tíì dúpẹ́ tán. Fún ọjọ́ méjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ mú aláìsàn bọ́ síta sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù iná, kí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo bóyá funfun ojú ti pọ́n bí ìyeyè. Kó tọ̀ sínú ike tó mọ́ gaara: ìtọ̀ tó dà bíi Koko-Kólà tàbí bíi tíì tí kò ní mílíìkì kì í ṣe ti òùngbẹ lásán. Kó fi omi yọnu, ẹ wo bóyá eyín ń ṣẹ̀jẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí nínú wọn, tàbí èébì tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tó bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ọsibítù ìjọba ni, kì í ṣe kẹ́mísíìtì. Kí ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, ti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, ti kíndìnrín, ti ṣúgà, àti purotéènì inú ìtọ̀. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn níjọba ìbílẹ̀ mọ̀ sí i. Ó wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, òun ló ń rí i pé ẹ̀jẹ̀ dé ibi tó yẹ.

Ṣé ẹ̀dọ̀ náà máa padà? Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sábà máa ń padà pátápátá. Ẹ rántí agbo-ilé tí ilà àárín rẹ̀ nìkan run. Ògiri kò wó, ẹnu ọ̀nà wà, kànga wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù létí á pín ara wọn, wọ́n á kún àyè àwọn tó lọ. Kì í fi àpá sílẹ̀ bí ọtí líle tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B ṣe ń fi àpá sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí oògùn tó ń mú un yá, kò sí "oògùn afọ̀dọ̀" tó ń fọ̀ ọ́. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra ìyẹn, ẹ fi ra ẹja.

Rírẹ̀ ara lè gbà á tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú tó ṣì pọ́n díẹ̀ náà á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀. Kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, kó máà jẹ́ kí ebi pa òun mọ́jú. Mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹyin, ẹ̀kọ, èso, gbogbo rẹ̀ dára. Kó má fẹnu kan ọtí, títí kan agbo ọlọ́tí, fún ó kéré tán oṣù mẹ́ta, àti títí AST àti ALT á fi wálẹ̀. Kó má tíì gun igi àgbọn, kó má sì gbé àpò ẹrù, títí dókítà á fi fọwọ́ sí i. Kí ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn oṣù kan, àti lẹ́yìn oṣù méjì. Kẹta yẹn ṣe pàtàkì bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti le: ní Brazil, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ tó jà níbẹ̀ láàárín 2016 sí 2018, àwọn dókítà rí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn tún wú lẹ́yìn tí wọ́n ti délé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B pẹ̀lú. Nǹkan bí 8 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, ẹ̀dọ̀ kan kò sì yẹ kó máa jẹ ìyà méjì láìmọ̀.

Kò ní ràn yín láti ara rẹ̀. Àwo, aṣọ, ìfọwọ́kàn, kò sí ọ̀kankan tó ń gbé e. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ nìkan ni fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ẹ̀fọn í fà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀fọn tó bá fà á lọ́jọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, yóò gbé e fún bí ọjọ́ 9 sí 12 kó tó lè kó o ran ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà á máa kó o ràn títí á fi kú. Àkókò yẹn ti pé báyìí. Nítorí náà àgbàlá yín ni ká wò.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe àdín àgbọn jẹ́ ilé ìgbéyàwó fún ẹ̀fọn yìí. Kò fẹ́ gọ́tà, omi mímọ́ tó dúró ló fẹ́. Ìgbá àgbọn tó dojú kọ òkè, tí òjò ọjọ́ kan kún, tó o. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí tanwíjí tó ń fò lọ sókè sódò, ó kù díẹ̀ kó di ẹ̀fọn, torí pé láti ẹyin dé ẹ̀fọn kò ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Ẹ dojú ìgbá bolẹ̀ tàbí kí ẹ fi dáná. Ọkọ̀ tí ẹ fà gòkè létí ọ̀sà, ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ẹ dojú rẹ̀ dé. Táyà tí wọ́n so mọ́ èbúté, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ti dúróọ̀mù omi mímu ni àwọn ènìyàn ń ṣì ṣe: wọ́n á da omi nù, wọ́n á tún pọn òmíràn sí i. Ẹyin rẹ̀ kò sí nínú omi, ara ògiri dúróọ̀mù ló lẹ̀ mọ́, lókè ibi tí omi dé, dúdú bíi ẹ̀ẹ̀rí. Ó lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tún pa ní ọjọ́ tí omi bá kàn án. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ ha ògiri náà yípo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ wá fi aṣọ tàbí nẹ́ẹ̀tì dé e pẹ́kípẹ́kí. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀, torí ẹ̀fọn yìí kì í fò jìnnà sí ilé tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá tún bẹ̀rẹ̀ ibà nínú ilé yín, kó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ̀fọn má bàa fà á.

Ó ku yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà yìí. Ẹ bi àbúrò yín ní ìbéèrè kan láìbínú: ṣé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, tàbí wọ́n kàn kọ orúkọ rẹ̀ sínú káàdì nígbà tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀? Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ gidi, ó lé ní 99 nínú 100 ènìyàn tó ń ní ààbò láàárín oṣù kan, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tó ń jáni kulẹ̀. Káàdì tí wọ́n kọ láìgún ń tan aṣọ́bodè, kò lè tan ẹ̀fọn. Àbúrò yín kò nílò rẹ̀ mọ́ fún ìlera, torí bí èsì bá fi hàn pé ibà yìí ni, kò ní ṣe é mọ́ láyé. Ẹ̀yin yòókù ló kàn. Ẹ̀kan ṣoṣo tó títí ayé, láti ọjọ́ 11 oṣù keje 2016 ni òfin ìrìnàjò káríayé sì ti gba káàdì kan fún gbogbo ọjọ́ ayé. Ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10. Àwọn ọmọ ilé, ẹ wo káàdì wọn: láti 2004 ni ó ti wà lára àjẹsára ọmọ oṣù 9. Aboyún, ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, ẹni tí ẹyin adìyẹ ń ṣe ní jàm̀bá, àti ẹni tí agbára ìjàkadì ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an nítorí HIV tàbí oògùn jẹjẹrẹ, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọ́dọ̀ gbà á rárá.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin kan ní Ghana tí ibà yìí mú ní 1927 tó sì yè é, ni wọ́n ti mú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ṣe é jáde. Adrian Stokes tó wà nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kó àìsàn yìí, ó sì kú nílùú Èkó lọ́dún náà. Max Theiler ló parí rẹ̀ ní 1937.

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń gún un, ẹ wo nǹkan méjì. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń po mọ́ omi nínú ìgò, inú kúlà oníyìnyín ló sì gbọ́dọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí tábìlì nínú oòrùn. Ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n pò ó. Bó bá ti lé ní wákàtí 6, kí wọ́n ṣí ìgò tuntun. Mìlílítà 0.5 ni wọ́n máa fà, apá ni wọ́n sì máa gún. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lára ìgò náà sínú káàdì lójú yín.